ÌSUN ITỌ́ ẸNU
Bí a ti ń tọ́ irúgbìn rẹ̀ nínú àwo, àti èpò tí ó wọ inú rẹ̀

Ohun tí ènìyàn ní lọ́pọ̀lọpọ̀ ni kì í kà sí. Itọ́ ẹnu jẹ́ ọ̀kan nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. À ń gbé e mì tọ̀sán tòru láìrò ó. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi ẹ̀gàn hàn sí ẹlòmíràn a tu ú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí itọ́ bá gbẹ ní ẹnu, ní ọjọ́ náà ni a ó mọ̀ pé Ẹlẹ́dàá kò fi í sí ibẹ̀ lásán. Ọkùnrin ọlọ́rọ̀ inú òwe Olúwa, nígbà tí ó wà nínú oró, kò tọrọ wúrà, bẹ́ẹ̀ ni kò tọrọ aṣọ elésè àlùkò; ẹ̀kán omi kan péré ni ó tọrọ fún ahọ́n rẹ̀.

Àwọn ènìyàn wà ní ayé lónìí tí ẹnu wọn gbẹ bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe pé wọ́n dẹ́ṣẹ̀ ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Púpọ̀ nínú wọn ni a ti wò sàn kúrò lọ́wọ́ àrùn jẹjẹrẹ ọ̀fun, ti ahọ́n tàbí ti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àrùn náà lọ, ṣùgbọ́n itọ́ bá a lọ. Nítorí irú àwọn wọ̀nyí ni àwọn amòye ní ilẹ̀ púpọ̀ ṣe ń mú ẹran kékeré láti inú ìsun itọ́ ènìyàn, tí wọ́n sì ń tọ́ ọ nínú àwo bí àgbẹ̀ ti ń tọ́ ọ̀dọ́ kòkó lábẹ́ ibòji, kí wọn lè gbìn ín padà ní ọjọ́ kan sí ibi tí ó ti gbẹ. Ìrètí wà nínú iṣẹ́ náà, ìkìlọ̀ sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

IBI TÍ ITỌ́ TI Ń SUN

Ìsun itọ́ ńlá mẹ́ta ni ó wà ní ìhà ọ̀tún, mẹ́ta sì ni ó wà ní ìhà òsì. Èyí tí ó tóbi jù wà ní iwájú etí: òun ni ó máa ń wú nígbà tí ṣegede bá mú ọmọdé, tí ojú rẹ̀ yóò fi rí bí ojú ẹni tí ó di oúnjẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀nà tóóró tí itọ́ rẹ̀ ń gbà jáde ṣí sí inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní ọ̀kánkán eyín èrìgì kejì ti òkè. Ìsun kejì wà lábẹ́ egungun àgbọ̀n, ẹ̀kẹta sì wà lábẹ́ ahọ́n. Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, àwọn wẹ́wẹ́ tí iye wọn tó 600 sí 1,000 fọ́n káàkiri inú ètè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àjà ẹnu. Gbogbo wọn papọ̀ a máa mú itọ́ tí ó tó ìdajì lítà sí lítà kan ààbọ̀ wá lójúmọ́.

Bí a bá pín itọ́ sí ọ̀nà 100, omi ni 99 nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdá kan tí ó kù ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Nínú rẹ̀ ni ohun kan wà tí ń sọ iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ di ṣúgà: ẹni tí ó bá jẹ iṣu sísè lẹ́nu pẹ́ láìgbé e mì yóò rí i pé ó ń dùn sí i. Nínú rẹ̀ ni iyọ̀ wà tí ń pa agbára omi kíkan tí ń jẹ eyín, àti ohun tí ń bá kòkòrò àìfojúrí jà, àti ohun yíyọ̀ tí ń mú kí òkèlè lè kọjá ní ọ̀nà ọ̀fun. Níbi tí kò bá sí itọ́, ahọ́n kò lè mọ adùn dáadáa. Àkàrà a dà bí iyanrìn. Eyín a máa jẹrà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni náà a máa jí ní òru láti mumi, kò sì ní lè parí ẹsẹ orin kan láàrin ìjọ kí ahọ́n rẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu rẹ̀.

Bí a bá fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ìsun itọ́, yóò dà bí ìdì èso àjàrà. Èso kọ̀ọ̀kan jẹ́ àgbájọ sẹ́ẹ̀lì, èyí tí í ṣe ẹ̀yà tí ó kéré jù lọ tí ó ní ìyè nínú ara ohun gbogbo tí ń mí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà yí ihò kékeré kan ká bí àwọn àgbà ti í jókòó yí agbo ká. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀jẹ̀, wọ́n kọ ojú sí ihò náà. Wọ́n ń fa omi láti ẹ̀yìn, wọ́n sì ń dà á sí iwájú. Ẹ̀ka ìdì náà ni àwọn ọ̀nà tóóró tí ń gbé omi yìí lọ sí ẹnu. Bí omi ti ń kọjá, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ́ ọ̀nà náà a máa gba iyọ̀ padà kúrò nínú rẹ̀ fún ara. Ìdí nìyẹn tí itọ́ kì í fi í ní iyọ̀ tó ẹ̀jẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn tún wà tí wọ́n dì mọ́ èso náà láti òde bí ọmọ ìka ọwọ́, tí wọ́n ń fún un. Lórí gbogbo wọn ni okùn ìmọ̀lára ti ń mú àṣẹ ọpọlọ wá. Kí ọwọ́ tó kan ọbẹ̀ rárá, òórùn rẹ̀ ti dé imú, àṣẹ ti jáde, itọ́ sì ti yọ.

OHUN TÍ Ń GBẸ ÌSUN NÁÀ

Nígbà tí jẹjẹrẹ bá mú orí tàbí ọrùn, àwọn oníṣègùn a máa fi ìtànṣán líle jó o, ní ọjọ́ 5 nínú ọ̀sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 6 tàbí 7. Ìtànṣán yìí ti gba ẹ̀mí púpọ̀ là, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sá fún un nítorí ohun tí a kọ síhìn-ín. Ṣùgbọ́n bí iná tí a fi sun oko ti í ra igi rere tí ó wà létí ààlà, bẹ́ẹ̀ ni ìtànṣán ń ra àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń mú itọ́ wá. Láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni itọ́ ti í bẹ̀rẹ̀ sí dín kù, lára ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í padà bọ̀ sípò.

Àìsàn mìíràn wà tí oníṣègùn ojú kan ní ilẹ̀ Sweden, Henrik Sjögren, kọ ìwé lé lórí ní ọdún 1933, tí a sì ń fi orúkọ rẹ̀ pè títí di òní. Nínú àìsàn yìí, àwọn ọmọ-ogun ara, tí ó yẹ kí wọn máa bá kòkòrò jà, a yí ojú ìjà sí ìsun omijé àti ìsun itọ́. Nínú ẹni mẹ́wàá tí ó ń ṣe, obìnrin a máa tó mẹ́sàn-án. Àtọ̀gbẹ pẹ̀lú a máa gbẹ ẹnu, bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn púpọ̀ tí àwọn àgbàlagbà ń lò.

Oògùn kan wà tí ń ta ìsun itọ́ jí. Ní ilẹ̀ Brazil ni a ti mú un wá. Àwọn ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀ ti mọ ewé kan tí wọ́n ń pè ní jaborandi, pé ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ yóò máa da itọ́. Ní ọdún 1875 ni a yọ ohun tí ń ṣiṣẹ́ nínú ewé náà, a sì pè é ní pilocarpine. Àwọn oníṣègùn ń kọ ọ́ fún aláìsàn títí di òní. Ṣùgbọ́n kìkì ibi tí sẹ́ẹ̀lì alààyè bá ṣẹ́ kù sí ni ó lè ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ tí kò sí irúgbìn nínú rẹ̀, bí ó ti wù kí òjò rọ̀ sí i tó, ewéko kò ní hù níbẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ fi kan irúgbìn fúnra rẹ̀.

ÈBÙ NÍNÚ ÀWO

Ní ọdún 1907 ni amòye ará Amẹ́ríkà kan, Ross Harrison, fi hàn pé ẹ̀yà ara lè wà láàyè, kí ó sì dàgbà, lẹ́yìn tí a ti mú un kúrò lára. Ó mú ẹ̀yà okùn ìmọ̀lára ọmọ ọ̀pọ̀lọ́, ó fi í sínú ẹ̀kán omi ara, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i tí ó ń na ẹ̀ka. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ènìyàn ti ń kọ́ bí a ti í tọ́ sẹ́ẹ̀lì lóríṣiríṣi.

Báyìí ni a ti ń ṣe ti ìsun itọ́. Nígbà tí oníṣẹ́-abẹ bá ń gé kókó kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ní ọrùn, nígbà púpọ̀ yóò gé díẹ̀ nínú ìsun itọ́ tí ó wà nítòsí mọ́ ọn. Bí aláìsàn bá ti fi ọwọ́ sí ìwé pé òun gbà, a ó gbé ẹran kékeré yìí nínú omi tútù lọ sí yàrá ìwádìí. A ó fọ̀ ọ́ mọ́, a ó gé e wẹ́wẹ́ bí ẹni gé èbù iṣu, a ó sì fi oje kan bọ̀ ọ́ tí yóò tú àwọn sẹ́ẹ̀lì kúrò lára ara wọn. Lẹ́yìn èyí a ó dà wọ́n sínú àwo mímọ́ pẹ̀lú omi oúnjẹ, nínú èyí tí ṣúgà, iyọ̀, fítámì àti àwọn ohun amúnidàgbà wà, pẹ̀lú oògùn tí kì í jẹ́ kí kòkòrò wọlé. Àpótí olóoru ni a ń gbé àwo náà sí, tí ooru rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 37 bí ti ara ènìyàn gan-an. A ń pààrọ̀ omi oúnjẹ náà ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta sí ara wọn. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá sì kún àwo, a ó pín wọn sí àwọn àwo mìíràn, bí a ti ń ṣí ọ̀dọ́ kòkó nígbà tí ó bá há mọ́ ara wọn.

Bí kì í ti í ṣe gbogbo ara iṣu ni ó ń ta, bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú ìsun itọ́ ni ó lè bí òmíràn. Àwọn díẹ̀ wà láàrin wọn tí ó dà bí ojú èbù: wọn kò tíì yan iṣẹ́ kan pàtó, nítorí náà wọ́n lè di oríṣi tí ara bá ń fẹ́. Ní ìlú Groningen ní ilẹ̀ Holland ni àwọn amòye ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí ìwọ̀nyí. Ní ọdún 2008 wọ́n kọ̀wé pé, nígbà tí àwọn fi irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ láti ara eku sínú ìsun itọ́ eku mìíràn tí ìtànṣán ti bà jẹ́, itọ́ padà bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Ní ọdún 2015 wọ́n fi hàn pé ẹ̀bá àwọn ọ̀nà ńlá inú ìsun náà ni irúgbìn yìí pọ̀ sí jù. Ní ọdún 2016 wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì láti ara ènìyàn sínú eku tí ìtànṣán ti bà jẹ́, èyí pẹ̀lú sì mú kí itọ́ wọn padà. Àwọn ará Japan gba ọ̀nà mìíràn: ní ọdún 2013 wọ́n lo ẹ̀yà ara ọmọ eku tí ó wà nínú oyún láti tọ́ odindi ìsun itọ́, wọ́n gbìn ín sí ẹnu eku tí kò ní ìsun, ó sì ń dà itọ́ nígbà tí eku náà bá tọ́ oúnjẹ wò.

Ṣùgbọ́n ìṣòro ńlá kan wà tí gbogbo ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀. Ó rọrùn láti mú kí sẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí i. Ó ṣòro láti mú kí wọn rántí iṣẹ́ wọn. Bí a bá tọ́ wọn lórí àwo pẹrẹsẹ, wọn a tẹ́ rẹrẹ bí ojú oró lórí odò, wọn a sì gbàgbé pé ó yẹ kí àwọn máa mú itọ́ wá. Kò sí agbo tí wọ́n jókòó yí ká. Wọn kò mọ èwo ni iwájú, èwo ni ẹ̀yìn. Nítorí náà a ní láti fi wọ́n sínú ohun tí ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí ó ti dì, kí wọn lè ká jọ yíká gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wà nínú ara. Fún ọdún púpọ̀, ohun tí wọ́n fi ń ṣe èyí jù lọ ni ohun kan tí a ń yọ láti inú kókó jẹjẹrẹ ara eku. Nínú àwo ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà kí a fi ohun tí ó ti inú jẹjẹrẹ eku wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun? Nítorí náà ni àwọn kan ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà ṣe yí sí ohun yíyọ̀ mìíràn tí Ẹlẹ́dàá ti fi sínú oríkèé àti inú ẹyinjú ènìyàn. Ní ọdún 1934 ni a kọ́kọ́ yọ ọ́ láti inú ojú màlúù, ó sì pọ̀ nínú ogbe orí àkùkọ. Nínú rẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ìsun itọ́ ènìyàn ti ń ká jọ bí èso kéékèèké, tí wọ́n sì ń mú díẹ̀ wá nínú ohun tí itọ́ ní.

ÈPÒ LÁÀRIN IRÚGBÌN RERE

Gbogbo àgbẹ̀ ni ó mọ̀ pé bí ènìyàn bá gba irúgbìn lọ́wọ́ ẹlòmíràn, orúkọ tí a pè é kọ́ ni yóò hù, bí kò ṣe ohun tí ó jẹ́ gan-an. Àwọn amòye ìsun itọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú ìtìjú.

Ní ọdún 1951 ni obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Henrietta Lacks, lọ sí ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà. Ìran àwọn tí a kó lẹ́rú láti Áfíríkà ni, ó ti ṣe oko tábà ní ilẹ̀ Virginia, ó sì bí ọmọ márùn-ún. Jẹjẹrẹ wà ní ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ rẹ̀. Àwọn oníṣègùn gé díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí yàrá ìwádìí láìbi í léèrè. Ṣáájú ìgbà náà, sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kì í pẹ́ kú nínú àwo. Ti Henrietta kò kú. Wọ́n ń di ìlọ́po méjì ní bí ọjọ́ kan sí ara wọn, wọn kò sì dáwọ́ dúró títí di òní. Òun fúnra rẹ̀ kú ní oṣù October ọdún náà, ẹni ọdún 31. Àwọn amòye pe sẹ́ẹ̀lì náà ní HeLa, láti inú orúkọ rẹ̀, wọ́n sì pín in ká gbogbo ayé. Òun ni a lò nígbà tí a ń dán abẹ́rẹ́ àjẹsára rọpárọsẹ̀ wò. Ó lé ní 20 ọdún kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó gbọ́ pé ara ìyá wọn ṣì wà láàyè nínú ìgò àwọn àjèjì. Ní ọdún 2023 ni ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí ó ti jèrè nínú sẹ́ẹ̀lì náà tó bá ẹbí rẹ̀ parí ọ̀rọ̀.

Ohun tí ó hù kíákíá a máa borí èyí tí ó rọra ń hù. Bí ẹ̀kán omi kan láti inú àwo HeLa bá ta sínú àwo mìíràn, ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ HeLa nìkan ni yóò kù níbẹ̀, orúkọ àtijọ́ yóò sì wà lára àwo síbẹ̀. Láti ọdún 1966 ni amòye kan tí ń jẹ́ Stanley Gartler ti kìlọ̀ èyí fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú púpọ̀ nínú wọn kò dùn sí i, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ní ọdún 1981, ní ilẹ̀ Japan, àwọn amòye kéde sẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n mú láti inú ìsun itọ́ ènìyàn, èyí tí a wá mọ̀ sí HSG. Inú àwọn ènìyàn dùn, nítorí sẹ́ẹ̀lì tí kì í kú ni. Ó lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, a sì kọ ìwé ìwádìí lọ́pọ̀lọpọ̀ lé e lórí. Àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe ìsun itọ́ àtọwọ́dá ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú fi í ṣe irúgbìn wọn. Ní ọdún 2002 wọ́n kọ̀wé pé ohun kan kù: sẹ́ẹ̀lì ìsun itọ́ tòótọ́ a máa so mọ́ ara wọn típẹ́típẹ́ bí ẹní tí a hun, kí omi má bàa jò padà, ṣùgbọ́n HSG kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, a kò sì lè fi í ṣe ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ní ọdún 2018 ni a yẹ ìdílé sẹ́ẹ̀lì náà wò dáadáa, tí a sì rí i pé HSG kì í ṣe ti ìsun itọ́ rárá. HeLa ni. Fún ọdún 37 ni a ti ń bi ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ obìnrin tí ó ti kú léèrè bí ẹnu ti í ṣe ń pọn itọ́.

Kì í sì í ṣe òun nìkan. Ní ọdún 2009 a yẹ oríṣi sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà wò tí a ń pè ní jẹjẹrẹ ìsun itọ́ ènìyàn. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ HeLa. Ọ̀kan jẹ́ jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Àwọn méjì tí ó kù kì í tilẹ̀ í ṣe ti ènìyàn, eku ni wọ́n. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Báwo ni a ti ṣe mọ̀? Ní ayé àtijọ́, ilà ojú ni a fi ń mọ ọmọ ìlú tí ènìyàn jẹ́, bí ó tilẹ̀ sọ pé ibòmíràn ni òun ti wá. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ni ilà àbínibí wà, tí ó wà ní ibi púpọ̀ lára ogún tí a gbà lọ́wọ́ baba àti ìyá. Bí a bá ka ilà náà ní bí ibi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó mọ ẹni tí ó ni sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn àwọn amòye ń béèrè àyẹ̀wò yìí nísinsìnyí kí wọn tó tẹ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jáde. Nítorí náà pẹ̀lú ni púpọ̀ nínú wọn ṣe ń mú sẹ́ẹ̀lì tútù tààrà láti ara aláìsàn tí ó gbà, dípò èyí tí ó ti gba ọwọ́ púpọ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún oko kò ṣòro: kí a kọ orúkọ àti ọdún sí ara àpò irúgbìn, kí a má da ti ọdún yìí pọ̀ mọ́ ti èṣí, kí a sì gbin díẹ̀ wò kí a tó gbìn ín ká gbogbo oko.

IBI TÍ IṢẸ́ DÉ

Títí di ìsinsìnyí, kò tíì sí odindi ìsun itọ́ ènìyàn tí a tọ́ nínú àwo tí a sì gbìn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ aláìsàn kan, tí ó ń ṣiṣẹ́ bí ti àdánidá. Ohun mẹ́ta ni ó ṣì ń dí i lọ́wọ́. Èkíní ni ẹ̀jẹ̀: ẹran tí ó bá nípọn ju ìdá díẹ̀ nínú mìlímítà kan lọ, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dé inú rẹ̀, àárín rẹ̀ yóò kú. Èkejì ni okùn ìmọ̀lára, nítorí ìsun tí ọpọlọ kò lè pàṣẹ fún yóò dákẹ́ níbi tí oúnjẹ wà. Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà: itọ́ gbọ́dọ̀ rí ibi gbà dé ẹnu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, adágún ni yóò dà.

Àwọn kan gba ọ̀nà tí ó kúrú. Ní ọdún 1992 ni Peter Agre ará Amẹ́ríkà ṣàlàyé àwọn ẹnu-ọ̀nà tí omi ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì tí ó sì ń gbà jáde. Ó gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 2003. Bruce Baum àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bethesda rò pé, bí a bá lè ṣí irú ẹnu-ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sí ara àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ìtànṣán kò pa, bóyá wọn a lè máa dà omi. Wọ́n fi àṣẹ àbínibí rẹ̀ ránṣẹ́ sínú ìsun itọ́ ènìyàn 11. Ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2012 sọ pé márùn-ún nínú wọn rí ìtura. Ìwọ̀nba ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹnu rẹ̀ ti gbẹ fún ọdún púpọ̀ kì í ka ẹ̀kán omi sí kékeré.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún aláìsàn pé òun ní abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì tí yóò dá itọ́ padà bí òun bá san owó báyìí báyìí, kí ó mọ̀ pé ẹlẹ́tàn ni. Iṣẹ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tí ń dán an wò, kò tíì dé ọjà.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ẸNI TÍ ẸNU RẸ̀ Ń GBẸ

1. Máa mu omi díẹ̀díẹ̀ lemọ́lemọ́. Gbé ìgò omi lọ sí oko àti sí ilé ìsìn, sì fi ọ̀kan sí ẹ̀bá ibùsùn.

2. Fi ọbẹ̀ tàbí omi rọ oúnjẹ gbígbẹ kí o tó gbé e mì. Rún un dáadáa, nítorí rírún a máa jí ìsun itọ́ tí ó ṣẹ́ kù.

3. Yẹra fún mímu tábà àti ọtí líle. Má ṣe máa lá ohun dídùn láti fi pọn itọ́, nítorí eyín tí kò ní itọ́ tí yóò gbà á sílẹ̀ a máa tètè jẹrà.

4. Fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fluoride. Ẹni tí ń lo orín kò ṣe búburú; ṣùgbọ́n kí ó fi ọṣẹ ìfọyín kún un.

5. Bí a bá fẹ́ fi ìtànṣán wo ẹnikẹ́ni ní orí tàbí ọrùn, kí ó lọ rí oníṣègùn eyín ṣáájú. Eyín tí ó yẹ kí a yọ ṣáájú ìtànṣán lè di wàhálà ńlá bí a bá yọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

6. Bí ẹnu bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ, tí òùngbẹ sì ń gbẹ ènìyàn ní àgbẹjù, tí ó sì ń tọ̀ púpọ̀, kí ó lọ yẹ ara rẹ̀ wò fún àtọ̀gbẹ.

7. Bí ó bá jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí òmíràn ni ó ń gbẹ ẹnu, má ṣe dá oògùn náà dúró fúnra rẹ. Sọ fún oníṣègùn tí ó fún ọ.

8. Bí ohun funfun bá bo ahọ́n tí ẹnu sì ń ta, lọ sí ilé ìwòsàn. Ìtọ́jú wà fún un.

Olúwa wa fi itọ́ po amọ̀ ní ọjọ́ kan, ó sì fi pa ojú afọ́jú. Kò ka ohun tí ènìyàn ń tu dànù sí ohun ẹ̀gàn. Àwọn tí ń tọ́ irúgbìn rẹ̀ nínú àwo lónìí ti rí i pé kò rọrùn láti dá padà ohun tí a gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ṣe àṣìṣe fún ọdún 37, wọ́n jẹ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì padà lọ wá irúgbìn tòótọ́. Àgbẹ̀ tí ó bá fa èpò tu kò tíì kórè ná, ṣùgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀ ti mọ́. Kí ẹni tí ẹnu rẹ̀ tutù ní òwúrọ̀ yìí dúpẹ́ kí ó tó jẹun, kí ó sì rántí ẹni tí omi inú ìgò nìkan ni ó fi ń gbàdúrà.